Òrùlé Camp Nou: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Olólùfẹ́ Barcelona ní Òṣogbo

Láti ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Barcelona padà sí Camp Nou, pápá wọn tí wọ́n ṣì ń tún kọ́, tí wọ́n sì na Athletic Bilbao ní góòlù 4 sí 0, kò sí ilé ìwòran kan tí mo wọ̀ ní Òṣogbo, ìbáà jẹ́ ní Ọláìyá tàbí ní Ìgbóǹnà, tí àríyànjiyàn òrùlé kò ti wáyé. Ẹnì kan yóò wo òkè pápá lójú tẹlifíṣọ̀n, yóò rí ojú ọ̀run gbalasa níbi tí ó rò pé òrùlé yẹ kí ó wà, ọ̀rọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀. Mo kó àwọn ìbéèrè tí mo gbọ́ jù lọ jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí òye mi ti tó. Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Alátìlẹ́yìn tí ó fẹ́ mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí ni mí.

Ṣé Camp Nou kò ní òrùlé tẹ́lẹ̀ ni?

Ó ní in, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1957 ni wọ́n ṣí pápá náà, láti ìgbà náà ni ó sì ti jẹ́ pé ìjókòó apá tí wọ́n ń pè ní Tribuna nìkan ni òrùlé bò. Ẹni tí kò bá rí ìjókòó níbẹ̀ kò ní ìbòòji, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ibi sá sí bí òjò bá dé. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ń gbà kí iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 99,354, nítorí náà ẹ lè fojú inú wo iye orí tí òjò ń pa ní alẹ́ ìdíje Champions League kan ṣoṣo. Nínú ètò tuntun, gbogbo ìjókòó ni òrùlé yóò bò yí ká, iye òǹwòran yóò sì tó nǹkan bí 105,000.

Ìgbà wo gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀?

Ó ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ. Ọdún 2014 ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Barcelona kọ́kọ́ dìbò pé kí wọ́n tún pápá náà kọ́. Ní ọdún 2016, ilé iṣẹ́ ayàwòrán-ilé Nikken Sekkei láti Japan pẹ̀lú Pascual i Ausió ti Barcelona ni wọ́n yàn láti ya àwòrán rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, owó kò jọ, gbèsè ẹgbẹ́ ń pọ̀ sí i, títí wọ́n fi tún dìbò ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 láti yá nǹkan bí bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ owó yúrò. Limak, ilé iṣẹ́ ìkọ́lé láti Tọ́kì, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Mallorca ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún náà ni wọ́n fi dágbére fún pápá àtijọ́, ọjọ́ yẹn kan náà ni àwọn agbábọ́ọ̀lù Busquets àti Alba dágbére fún un, kò sì pẹ́ tí katakata fi wọlé. Ẹgbẹ́ wa kó lọ sórí òkè Montjuïc, sí pápá tí wọ́n ti ṣe ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1992, wọ́n sì ṣe àlejò níbẹ̀ fún sáà méjì gbáko.

Kí ló dé tí wọ́n fi gba òǹwòran wọlé nígbà tí òrùlé kò tíì sí?

Ìbéèrè yìí yà mí lẹ́nu díẹ̀ láti ẹnu ará Òṣogbo. Mélòó nínú wa ni kò mọ ilé tí onílé ti kó wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nígbà tí irin ṣì ń yọ ṣóṣóró lórí dẹ́kìn? Ìdí kan náà ni. Háyà ń pa onílé, ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Pápá Montjuïc kéré sí Camp Nou lọ́pọ̀lọpọ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹgbẹ́ ń pàdánù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í ṣe kékeré, nítorí náà bí ìjọba ìlú náà bá ti fọwọ́ sí i pé apá kan pápá dára fún ènìyàn láti wọ̀, wọn yóò wọ̀ ọ́. Èyí ni ó fa á tí ó fi jẹ́ pé ìjókòó 45,401 péré ni wọ́n fún wọn láṣẹ láti lò ní ọjọ́ tí wọ́n padà, tí ìpele kẹta lókè sì ṣì wà ní kọnkéré lásán, láìsí àga, láìsí ènìyàn.

Ẹ rántí pé àṣẹ yẹn gan-an kò tètè dé. Ní oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, nígbà tí a ti ń múra láti rí wọn ní ilé, pápá kékeré Johan Cruyff ni wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Como, pẹ̀lú Valencia àti pẹ̀lú Getafe.

Kí ló fà á tí òrùlé fi gbẹ̀yìn pátápátá? Ṣé kò yẹ kí wọ́n tètè kàn án kí òjò má ba iṣẹ́ jẹ́?

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Òrùlé ilé tiwa jókòó lórí ògiri. Bí bíríkìlà bá ti kọjá líńtẹ́lì, káfíńtà yóò gùn ún, yóò to igi, yóò sì máa kan páànù láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ̀ sí èkejì. Bí owó bá tán ní àárín iṣẹ́, ìdajì tí ó ti kàn yóò dúró síbẹ̀ títí owó mìíràn yóò fi dé. Òrùlé pápá ńlá kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ṣeé ṣe láti ri òpó sí àárín àwọn òǹwòran, nítorí ẹni tí ó bá jókòó sẹ́yìn òpó yóò sanwó ní kíkún, yóò sì wo ìdajì bọ́ọ̀lù. Nítorí náà òrùlé gbọ́dọ̀ na ọwọ́ jáde láti ẹ̀yìn pápá wá sí iwájú, lókè orí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, láìsí ohun kan tí ó gbé e láti ìsàlẹ̀.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ pápá òde òní ń gbà ṣe é, èyí tí ètò Camp Nou náà tẹ̀ lé, ni ti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ kan délẹ̀ kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ríìmù wà níta, irin kékeré wà ní àárín, àwọn sípóòkù tín-ín-rín ni ó so wọ́n pọ̀. Sípóòkù kan ṣoṣo kò lè gbé ọmọdé, ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wọn bá ń fa ríìmù sínú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yóò le gbagidi, yóò sì gbé àgbàlagbà pẹ̀lú àpò ìrẹsì lẹ́yìn. Bí a bá sọ ọ́ di ńlá tí a dà á délẹ̀ sókè pápá, ríìmù ni òrùka irin ńlá tí ó yí òkè ìjókòó ká, sípóòkù ni àwọn okùn irin nípọnnípọn, irin àárín sì ni òrùka kejì tí ó rọ̀ sókè orí pápá, tí ojú ọ̀run ń gbà wọlé.

Ẹni tí kẹ̀kẹ́ kò bá yé, kí ó lọ sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun nítòsí wa, ìlú àwọn onílù, kí ó wo bí wọ́n ti ń so dùndún. Awọ náà kò ní ohùn kankan nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi bo igi. Ọsán tí wọ́n ta láti ojú kan sí èkejì ni ó fún un lágbára. Bí ọsán bá dẹ̀, awọ yóò dẹ̀, bí ọsán bá le, ohun gbogbo yóò le pọ̀. Òrùlé olókùn bí dùndún ni ó rí, kò sí nǹkan tí a lè pè ní ìdajì rẹ̀. Ìgbà tí gbogbo okùn bá péjọ tí a sì fà wọ́n le tán ni ó di òrùlé, ṣáájú ìgbà náà, ẹrù irin lásán ni.

Ìdí tí ó fi gbẹ̀yìn kò ṣòro mọ́ báyìí. Orí ìpele òkè ni ìwúwo gbogbo yóò jókòó lé, ìpele kẹta Camp Nou sì ni wọ́n wó lulẹ̀ tí wọ́n ń tún kọ́. Ẹni tí ó bá ń béèrè òrùlé kí ìpele kẹta tó gbó dáadáa, páànù ni ó ń béèrè lórí ilé tí kò ní ògiri.

Ṣé àwọn mìíràn ti lo irú òrùlé yìí rí?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti pẹ́. Stuttgart ní Jámánì ní irú rẹ̀ láti ọdún 1993, nígbà tí ìdíje eré ìdárayá àgbáyé wáyé níbẹ̀. Pápá Tottenham tí ó ṣí ní ọdún 2019 fún òǹwòran 62,850 ní òrùlé olókùn. Ní Maracanã ní Brazil, wọ́n gé òrùlé kọnkéré àtijọ́ kúrò kí ìdíje àgbáyé ọdún 2014 tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi okùn irin àti aṣọ rọ́pò rẹ̀. Wembley ní tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn: irin ọrun tí ó ga tó mítà 133 lókè pápá ni ó ń bá wọn gbé òrùlé dúró, nítorí náà ẹni tí ó bá ń fi Wembley ṣàpẹẹrẹ nínú àríyànjiyàn wa ti ṣìnà.

Báwo ni wọn yóò ṣe gbé e gòkè? Ṣé kírénì ni?

Kírénì ni yóò gbé òrùka ìta ní ègé ègé, wọn yóò sì so wọ́n pọ̀ títí yóò fi yí pápá ká. Lẹ́yìn èyí, àwọn okùn irin ni wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ lórí àwọn ìjókòó àti lórí pápá fúnra rẹ̀, bí ẹni tẹ́ àwọ̀n, tí wọn yóò sì so wọ́n mọ́ òrùka àárín nílẹ̀ níbẹ̀. Jáàkì alágbára ni wọn yóò wá fi fà wọ́n láti gbogbo ìgun lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀, tí òrùka àárín yóò máa gbéra nílẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀mí gbé. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, nítorí bí apá kan bá ṣáájú èkejì, ìwúwo yóò dà sí ibi kan. Bí ẹ bá fẹ́ fi oorun sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ ìkọ́lé lẹ́ẹ̀kan láyé yín, ọjọ́ tí wọ́n bá ń fa okùn ni kí ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni aṣọ òrùlé, gíláàsì tàbí páńẹ́ẹ̀lì sólà yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ orí rẹ̀, èyí kò sì ní ìwúrí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó rí i pé kò sí bí wọ́n ṣe lè gbá bọ́ọ̀lù ní àárín okùn tí ó tẹ́ sórí pápá. Ìdí nìyí tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi yẹ kí ó bọ́ sí ìgbà ìsinmi sáà, tàbí kí ẹgbẹ́ tún kó jáde fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tún kó jáde, kì í ṣe pé nǹkan bàjẹ́.

Àwọn olólùfẹ́ Real Madrid ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé tiwọn ti parí. Kí ni kí a sọ fún wọn?

Ẹ gbà fún wọn, òótọ́ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019, àrùn Kòrónà sì ṣe wọ́n ní oore tí ẹnikẹ́ni kò tọrọ: nígbà tí kò sí òǹwòran ní ibi kankan, wọ́n kó lọ sí pápá kékeré Alfredo Di Stéfano láti oṣù Kẹfà ọdún 2020, wọ́n sì fi Bernabéu, pápá wọn, sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Òrùlé wọn máa ń tì bo pápá, ó sì máa ń ṣí. Wọ́n tún gé koríko pápá sí ọ̀nà mẹ́fà tí wọ́n lè kó sí abẹ́ ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi pápá ṣe òde orin.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé láti bi wọ́n bí òde orin náà ti rí. Ní ọdún 2024, àwọn ará àdúgbò kígbe pé ariwo kò jẹ́ kí àwọn sùn, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ, ẹgbẹ́ Real Madrid sì dá àwọn òde orin náà dúró. Ìyẹn nìkan ni mo ní láti fi gbèjà wa.

Ṣé òrùlé tiwa náà yóò máa tì bo pápá?

Rárá. Ìjókòó nìkan ni yóò bò, àárín yóò ṣí sílẹ̀.

Àwòrán tí wọ́n ń pín lórí WhatsApp fi òrùlé hàn kedere. Ṣé irọ́ ni?

Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ àwòrán tí àwọn ayàwòrán-ilé fi kọ̀ǹpútà yà láti fi ohun tí yóò rí hàn, èyí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fọ́tò. Ní àkókò yìí tí AI ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, àwọn mìíràn kàn ń ṣe tiwọn láti kó ènìyàn jọ. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ìpele kẹta. Bí òrùlé bá wà tí kò sì sí kírénì kankan nítòsí, tí gbogbo àga sì ti kún fún ènìyàn, ẹ fi rẹ́rìn-ín. Bí òrùlé bá dé sí apá kan pápá tí apá kejì sì ṣófo, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ tí mo sọ lókè: irú òrùlé yìí kò ní ìdajì. Fọ́tò gidi kì í sábà dára lójú. Eruku wà nínú rẹ̀, ìrẹ́pẹ́ irin wà nínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ tí ó wọ akoto wà nínú rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí ní òótọ́ ni òrùka ìta tí ó ń gùn sí i lókè ìjókòó, láìsí ìbòrí kankan lórí rẹ̀. Kò ní jọ òrùlé rárá, àwọn kan yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn òṣìṣẹ́ pé ohun tí wọ́n ṣe kò nítumọ̀.

Ṣé ìjì kò ní gbé òrùlé tí okùn lásán dì mú?

Ilé ìwòran kan wà tí mo máa ń lọ tẹ́lẹ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Onílé kan páànù tuntun sí i, ó sì ṣọ́ ìṣó lò nítorí pé ìṣó wọ́n. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà kò tíì rọ̀ dé ilẹ̀ tí ìjì fi ṣí páànù náà odindi, ó sì gbé e lọ sórí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní òdìkejì títì. Ohun tí ọjọ́ yẹn kọ́ mi ni pé afẹ́fẹ́ kì í tẹ òrùlé mọ́lẹ̀ nìkan, ó máa ń fà á sókè pẹ̀lú, ó sì lè jẹ́ pé ìfàsókè náà ni ó burú jù.

Àwọn ẹnjiníà pápá mọ èyí. Wọ́n máa ń fi àwòkọ́ṣe pápá kékeré sínú yàrá tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́, wọn yóò wo ibi tí ó ti ń fà, wọn yóò sì fi okùn mìíràn sí ìsàlẹ̀ tí yóò máa fa òrùlé padà wálẹ̀. Síbẹ̀, àṣìṣe máa ń wáyé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, apá kan òrùlé pápá AZ Alkmaar ní Nẹ́dálándì wó lulẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Orí ìjókòó tí òǹwòran máa ń kún ni ó wó lé, ṣùgbọ́n kò sí eré ní ọjọ́ náà, kò sì sí ẹni tí ó farapa. Ní Enschede ní orílẹ̀-èdè kan náà, ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2011, òrùlé pápá FC Twente wó nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ méjì sì kú. Ìwádìí fi hàn pé wọ́n ti gbé ẹrù lé e kí àwọn irin tí yóò mú un dúró ṣinṣin tó pé. Ní ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ní Ọláìyá pariwo pé kí wọ́n yára, àwọn méjèèjì yìí ni mo máa ń rántí.

Ṣé a ti rí pápá tí ó dúró de òrùlé ju tiwa lọ?

Ẹ gbọ́ ti Montreal ní Kánádà. Wọ́n kọ́ pápá Òlíńpíìkì fún ìdíje ọdún 1976 pẹ̀lú òrùlé aṣọ tí ilé ìṣọ́ gíga kan yóò máa fà sókè bí ìgbà tí a bá fa agbòjò. Ìdíje dé, ìdíje lọ, òrùlé kò sí níbẹ̀. Ọdún 1987 ni wọ́n tó gbé e lé e, lẹ́yìn ọdún 11. Kò pẹ́ tí aṣọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1998, yìnyín sì ya ìyẹn ní oṣù Kìíní ọdún 1999, nígbà tí kò tíì pé ọdún kan dáadáa. Ní ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Quebec kéde pé àwọn yóò ná mílíọ̀nù 870 owó dọ́là Kánádà láti ṣe òrùlé mìíràn.

Koríko ńkọ́? Ṣé kò ní kú sábẹ́ òjìji?

Òrùlé máa ń dí oòrùn lọ́wọ́ lóòótọ́, pàápàá ní ìgbà òtútù tí oòrùn Sípéènì kì í ga. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ pápá fi ń ti kẹ̀kẹ́ iná ńláńlá sórí koríko ní òru, kí koríko lè rí ìmọ́lẹ̀ jẹ, tí wọ́n sì máa ń lo ìbòrí tí ìmọ́lẹ̀ lè là kọjá ní apá tí oòrùn ti ń wá. Ẹ ó rí àwọn iná náà nínú àwọn fídíò àárín ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe iná ìkọ́lé.

Aago mélòó ni kí a máa retí ìròyìn láti Barcelona?

Ní ìgbà òtútù wọn, aago wa àti tiwọn bára mu. Láti ìparí oṣù Kẹta títí di ìparí oṣù Kẹwàá, wọ́n fi wákàtí kan ṣáájú wa, nítorí náà òwúrọ̀ wọn ti là nígbà tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń wá ẹ̀kọ àti àkàrà.

Nígbà tí òrùlé bá parí, ṣé àwa tí à ń wò ó láti Òṣogbo yóò mọ ìyàtọ̀ kan?

A ó mọ̀ ọ́n, mo sì gbà pé inú kò ní dùn sí gbogbo rẹ̀. Ní eré ọ̀sán, òjìji òrùlé yóò gé pápá sí méjì, apá kan yóò mọ́lẹ̀ rokoṣo, apá kejì yóò dúdú, kámẹ́rà yóò sì máa tiraka láti bá bọ́ọ̀lù lọ bí ó ti ń bọ́ láti inú oòrùn sínú òjìji. Lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣá, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòran wa ṣì ń lò, wínńgà tí ó bá sáré wọnú òjìji yẹn yóò pòóráá mọ́ wa lójú fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Ariwo ni yóò dára sí i: igbe tí ó máa ń fò lọ sójú ọ̀run tẹ́lẹ̀ yóò lu òrùlé, yóò sì padà sórí pápá, ẹ̀rọ gbohùngbohùn yóò gbà á, a ó sì gbọ́ ọ níhìn-ín bí jẹnẹrétọ̀ onílé kò bá bò ó mọ́lẹ̀.